Káàdì Ilé Ìwòsàn Wa: Ta Ni Ń Tọ́jú Rẹ̀?

(Ọ̀rọ̀ tí ìgbìmọ̀ ètò ìlera sọ níbi ìpàdé gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ ní ẹ̀ka wa)

 

Bí a bá péjọ báyìí, ọ̀rọ̀ owó oṣù ni a sábà máa ń sọ, bẹ́ẹ̀ ni ó sì yẹ kí ó rí. Ṣùgbọ́n ara líle ni à ń fi gba owó oṣù. Ẹni tí àìsàn bá dá gúnlẹ̀, àfikún owó kò lè ṣe é ní oore púpọ̀. Nítorí náà, ohun kékeré kan tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò kà sí ni a fẹ́ sọ lónìí: káàdì tí wọ́n ń kọ orúkọ wa sí ní ilé ìwòsàn, àti ẹni tí ń tọ́jú rẹ̀.

Bàbá kan wà nínú ẹgbẹ́ wa tí ó ti ṣiṣẹ́ ọdún púpọ̀ níbi tí wọ́n ti ń gbọn òwú kí wọ́n tó ran án. Gbogbo wa ni a mọ ibẹ̀: eruku òwú a bo irun, a bo ìpéǹpéjú, a sì wọ inú imú lọ. Bàbá yìí bẹ̀rẹ̀ sí wúkọ́. Àyà rẹ̀ a máa fún un pinpin. Ó lọ sí kílíníkì ilé iṣẹ́ rẹ̀, wọ́n fún un ní oògùn ikọ́ àti oògùn ibà. Nígbà tí ó tún padà lọ, wọn kò rí káàdì rẹ̀ mọ́. Wọ́n ní, "Bàbá, ẹ gba òmíràn." Ó gba òmíràn. Bẹ́ẹ̀ ni ó ń rí títí ọdún fi ń gorí ọdún. Bí ó bá sì tọrọ àyè lọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ̀ láti lọ rí dókítà, ọ̀gá a ní ọtí tí ó mu ní ọjọ́ Àìkú ni kò tíì dá lójú rẹ̀.

Nígbà tí ara rẹ̀ kò gbà á mọ́, ìgbìmọ̀ wa bá a lọ wá àwọn ìwé rẹ̀. Káàdì méje ni a rí. Méjì wà nínú àpótí, mẹ́rin wà nínú àpò sìmẹ́ǹtì kan lábẹ́ tábìlì, ọ̀kan sì wà láàárín ìwé ẹlòmíràn. Ọ̀nà mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n gbà kọ orúkọ bàbá kan ṣoṣo. Dókítà mẹ́rin ni ó ti rí i, olúkúlùkù wọn sì rò pé ìgbà àkọ́kọ́ tí ó ń wá nìyẹn. A tò wọ́n sórí tábìlì bí ọjọ́ wọn ṣe tẹ̀ lé ara wọn, a sì mú kàlẹ́ńdà wá. Nínú méje, mẹ́fà bọ́ sí ọjọ́ Ajé, èyí tí à ń pè ní Mọ́ńdè.

Ẹ̀yin ará, kì í ṣe ọtí. Àìsàn eruku òwú ni ó máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Bí òṣìṣẹ́ bá sinmi ní òpin ọ̀sẹ̀, àyà rẹ̀ a fúyẹ́ díẹ̀. Bí ó bá padà wọ inú eruku ní ọjọ́ Ajé, àyà náà a tún fún. Ní nǹkan bí ọdún 1950 sí 1960, dókítà ará Gẹ̀ẹ́sì kan, Richard Schilling, ṣe ìwádìí láàárín àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ òwú ní Lancashire. Ó jókòó tì wọ́n, ó ń bi wọ́n léèrè: ọjọ́ wo ni àyà yín ń fún? Ó ń kọ èsì wọn sílẹ̀. Láti inú àkọsílẹ̀ yẹn ni ó ti fi hàn pé àìsàn náà ní ìpele. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ọjọ́ Ajé nìkan ni. Lẹ́yìn náà, a wọ àwọn ọjọ́ mìíràn nínú ọ̀sẹ̀. Ní ìkẹyìn, èémí kò ní já gaara mọ́ láé. Bí a bá tètè mọ̀ ọ́n, tí a sì gbé òṣìṣẹ́ kúrò nínú eruku, ó lè bọ́. Bí a bá pẹ́, kò sí oògùn tí yóò dá ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ padà sí bí ó ti rí.

Ẹ wo ohun tí ó bà wá nínú jẹ́. Ẹ̀rí náà wà nínú káàdì méje yẹn láti ọjọ́ yìí wá. Àwọn dókítà kò ya dìndìnrìn, àwọn nọ́ọ̀sì kò sì ṣe ọ̀lẹ. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ni pé kò sí ẹni tí ó rí káàdì méjèèje pọ̀ lójú kan. Àwọn àgbà ní bí a kò bá gbàgbé ọ̀rọ̀ àná, a kò ní rí ẹni bá ṣeré. Òótọ́ ni, ní ti ìjà. Ní ti àìsàn, ẹni tí ó bá gbàgbé ọ̀rọ̀ àná kò ní rí ẹni wò sàn.

Ó tún kan owó. Òfin owó gbà-má-bìínú fún òṣìṣẹ́, èyí tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2010, sọ pé òṣìṣẹ́ tí ó bá fara pa tàbí tí iṣẹ́ kó àìsàn ràn gbọ́dọ̀ fi tó ọ̀gá iṣẹ́ létí láàárín ọjọ́ 14. Ọ̀gá iṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ fi tó àjọ NSITF létí láàárín ọjọ́ 7. Òṣìṣẹ́ sì ní ọdún kan láti kọ̀wé béèrè owó rẹ̀. Ní ọjọ́ wo ni ó bẹ̀rẹ̀? Kí ni dókítà rí? Ìwé ni yóò dáhùn. Ní ti bàbá wa yìí, àwọn agbani-síṣẹ́ ní àwọn kò mọ̀ pé ó ṣàìsàn rí. Káàdì méje tí a hú jáde lábẹ́ tábìlì nìkan ni a ní láti fi bá wọn rojọ́, ẹjọ́ náà kò sì tíì parí. Bàbá kò lè gun àtẹ̀gùn ilé ara rẹ̀ mọ́ láì dúró mí lẹ́ẹ̀mejì.

Kí ẹ̀yin awakọ̀ má rò pé ọ̀rọ̀ àwọn aláṣọ nìkan nìyí. Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í kan ilẹ̀kùn. Iye tí wọ́n bá wọ̀n lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kò sọ púpọ̀. Iye tí wọ́n wọ̀n lóṣù yìí, lóṣù tí ó kọjá àti ní èṣí ni ó ń sọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Bí awakọ̀ bá sì dákú lójú ọ̀nà, ní ìlú tí ẹnikẹ́ni kò ti mọ̀ ọ́n, ta ni yóò sọ fún dókítà pé ara rẹ̀ kò gba abẹ́rẹ́ penisílínì?

Ọ̀rọ̀ kan tẹ̀ lé e: òṣùwọ̀n. Gbogbo wa ni a mọ kóńgò tí wọ́n tẹ ìdí rẹ̀ wọnú. Bí o bá fi í ra gààrí, ojú rẹ yóò rí kóńgò kíkún, ṣùgbọ́n inú ìkòkò kò ní tan. Ilé ìwòsàn náà ní kóńgò tirẹ̀. Ògiri lè funfun, aṣọ nọ́ọ̀sì lè mọ́ tónítóní; kí ni a ó fi mọ̀ bóyá àwọn aláìsàn ibẹ̀ ń yá?

Dókítà kan ní ìlú Boston ní Amẹ́ríkà, Ernest Codman, béèrè ọ̀rọ̀ yìí ní ọdún tí ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún sẹ́yìn. Ó ní kí ilé ìwòsàn máa ní káàdì fún aláìsàn kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n wá a kàn lẹ́yìn ọdún kan, kí wọ́n mọ̀ bóyá ara rẹ̀ yá. Bí kò bá yá, kí wọ́n wádìí ohun tí ó fà á. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kò fẹ́ gbọ́. Ní 1914 ó kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀ ní ilé ìwòsàn ńlá Massachusetts General, nítorí pé ọjọ́ pípẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ni wọ́n fi ń gbé dókítà ga níbẹ̀, wọn kì í wo bí àwọn aláìsàn rẹ̀ ṣe ń yá sí. Ó ti dá ilé ìwòsàn kékeré tirẹ̀ sílẹ̀. Láàárín 1911 sí 1916, aláìsàn 337 ni wọ́n tọ́jú níbẹ̀ tí wọ́n sì padà sílé. Codman kọ àṣìṣe 123 tí ó ṣẹlẹ̀ sílẹ̀, ó sì tẹ̀ wọ́n jáde fún ẹni tí ó bá fẹ́ kà. Èwo nínú àwọn ọ̀gá wa ni ó lè ṣe irú rẹ̀?

Ẹgbẹ́ àwọn dókítà oníṣẹ́ abẹ ní ilẹ̀ náà, American College of Surgeons, gbé ọ̀rọ̀ òṣùwọ̀n náà. Wọ́n kọ òfin kúkúrú tí gbogbo ilé ìwòsàn gbọ́dọ̀ pa mọ́. Ọ̀kan nínú rẹ̀ ni pé àkọsílẹ̀ tí ó pé tí ó sì péye gbọ́dọ̀ wà fún gbogbo aláìsàn, níbi tí ọwọ́ ti lè tètè tó o. Wọ́n yẹ ilé ìwòsàn 692 wò, àwọn tí ó ní ibùsùn 100 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mọ́kàndínláàádọ́rùn-ún péré, 89, ni ó kún òṣùwọ̀n. Nígbà tí àbọ̀ ìwádìí náà dé ìpàdé wọn ní New York ní 1919, ẹ̀rù bà wọ́n kí ìwé ìròyìn má baà gbọ́ orúkọ àwọn ilé ìwòsàn tí ó kùnà. Wọ́n kó àkójọ orúkọ náà sínú iná hòtẹ́ẹ̀lì tí wọ́n wọ̀ sí, ó jóná.

Wọ́n sun ìwé, ṣùgbọ́n wọn kò lè sun òṣùwọ̀n. Wọ́n ń yẹ àwọn ilé ìwòsàn wò lọ́dọọdún, títí ó fi di 1950 tí èyí tí ó kún òṣùwọ̀n fi lé ní 3,200. Ìdí tí a fi sọ ìtàn yìí nìyí: ibi tí a bá ti ń wọ̀n ni àtúnṣe ti ń wá.

Ta ni yóò wá máa tọ́jú àwọn ìwé yìí? Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ rò pé ẹnikẹ́ni tí kò bá rí iṣẹ́ mìíràn ṣe ni a lè fi sídìí àpótí káàdì. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Iṣẹ́ tí à ń kọ́ ni, bí a ṣe ń kọ́ iṣẹ́ fítà tàbí wẹ́dà. Ìyáàfin Grace Whiting Myers, tí ó tọ́jú ìwé aláìsàn ní ilé ìwòsàn Massachusetts General tí Codman fi sílẹ̀ yẹn, ni ó ṣáájú àwọn tí ó dá ẹgbẹ́ àwọn olùtọ́jú ìwé aláìsàn sílẹ̀ ní 1928, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí ṣètò ilé ẹ̀kọ́ fún iṣẹ́ náà. Ní Nàìjíríà níhìn-ín, òfin kẹ 39 ti ọdún 1989 ni ó dá ìgbìmọ̀ sílẹ̀ láti máa fi orúkọ irú òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀ sínú ìwé àṣẹ. Wọ́n ń kọ́ nípa ẹ̀yà ara, orúkọ àìsàn àti nọ́ńbà tí gbogbo ayé fi ń pè é, ìṣirò, àti bí a ṣe ń pa àṣírí aláìsàn mọ́. Òṣìṣẹ́ bíi tiwa ni wọ́n. Bí ẹnì kan ṣoṣo bá ń tọ́jú fáìlì tí ó yẹ kí ènìyàn mẹ́rin tọ́jú, kí a má bú u. Kí a bá a béèrè fún ẹlẹgbẹ́.

Àwọn kan yóò ní kọ̀ǹpútà ti dé, ọ̀rọ̀ bùṣe. Kọ̀ǹpútà dára. Ṣùgbọ́n bí a bá kọ orúkọ bàbá kan ní ọ̀nà mẹ́ta sínú kọ̀ǹpútà, bàbá mẹ́ta ni yóò fi hàn wá. Ohun tí a bá fi sí i ni yóò fún wa padà.

Òfin ètò ìlera ti 2014 wà lẹ́yìn wa. Ó sọ pé ẹni tí ó bá ń ṣe olórí ilé ìwòsàn gbọ́dọ̀ rí i pé àkọsílẹ̀ wà fún gbogbo ẹni tí ó bá wá gba ìtọ́jú. Ó sọ pé àṣírí ni ọ̀rọ̀ aláìsàn, àti pé wọ́n gbọ́dọ̀ dáàbò bo ìwé náà kí ọwọ́ ẹni tí kò kàn má baà tẹ̀ ẹ́. Nítorí náà, káàdì wa kì í ṣe ìwé ìròyìn tí máníjà lè máa ṣí wò bí ó bá fẹ́ dá ènìyàn dúró lẹ́nu iṣẹ́.

Ohun tí ìgbìmọ̀ wa ń bẹ̀ yín láti ṣe nìyí:

1. Ẹ kọ nọ́ńbà káàdì yín sílẹ̀ nílé, kí ìyàwó tàbí ọkọ yín sì mọ̀ ọ́n. Ẹ kọ oògùn tí ara yín kò gbà sí i.

2. Ọ̀nà kan ṣoṣo ni kí ẹ máa gbà pe orúkọ yín, èyí tí ó wà nínú ìwé iṣẹ́ yín.

3. Bí wọ́n bá ní kí ẹ gba káàdì tuntun, ẹ rọra béèrè ibi tí ti àtijọ́ wà. Bí wọn kò bá rí i, ẹ fi tó wa létí.

4. Ẹ sọ irú iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe fún dókítà, kí ẹ sì rí i pé ó kọ ọ́. "Ikọ́" nìkan kò tó. "Ikọ́, ní ọjọ́ Ajé, ibi òwú ni ó ń ṣiṣẹ́": èyí ni ó lè gba ẹ̀mí là.

5. Bí ẹ bá fara pa, ẹ má dúró di ọ̀la. Ẹ fi tó ọ̀gá létí, kí ẹ sì fi tó aṣojú ẹgbẹ́ létí. Ọjọ́ 14 kì í pẹ́ pé.

Ní tiwa, a ó gbé e lọ síwájú àwọn agbani-síṣẹ́ pé kí wọ́n gba olùtọ́jú ìwé tí ó kọ́ṣẹ́ sí kílíníkì, kí wọ́n sì máa fi iye òṣìṣẹ́ tí irú àìsàn kọ̀ọ̀kan ń ṣe ní ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan han ẹgbẹ́ wa, láìdárúkọ ẹnikẹ́ni. Bí ikọ́ bá pọ̀ ní ẹ̀ka kan ju òmíràn lọ, a ó mọ ibi tí ó yẹ kí ẹ̀rọ tí ń fa eruku wà.

Ẹni tí ó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Bàbá wa kò dákẹ́. Ìgbà méje ni ó sọ ọ́, tí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀. Àìtọ́jú ìwé ni ó pa á lẹ́nu mọ́. Kí irú rẹ̀ má tún ṣẹlẹ̀ sí ẹnikẹ́ni nínú wa mọ́.

Ìṣọ̀kan òṣìṣẹ́ kò ní tú.