Ẹrù Tí Ó Wà Lẹ́yìn Rẹ

Ẹ̀yin ará nínú Kristi, ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tí ẹ ń gbé ní Òkè Ọya níhìn-ín, ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí lè ya àwọn kan lẹ́nu. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ààwẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó. Ọ̀rọ̀ tírélà ni, àti bí a ṣe ń wà á ní ojú ọ̀nà tí a kò da ọ̀dà sí.

Ẹ má ṣe wí pé kí ni ó kan Fadá nínú èyí. Nínú ìjọ wa, ẹni tí kò wa ọkọ̀ ẹrù lè jẹ́ ẹni tí ó ni ín, tàbí ẹni tí ó ń di ẹrù sínú rẹ̀, tàbí aya ẹni tí ó ń wà á. Àlùbọ́sà Ṣókótó, tòmátì Kánò àti iṣu Zaki Biam tí àwọn ènìyàn wa ń jẹ ní Ìbàdàn àti ní Èkó, orí ọkọ̀ ẹrù ni wọ́n gbà dé ibẹ̀. Kí wọ́n tó dé títì ọlọ́dà, ọ̀nà oko ni wọ́n kọ́kọ́ ń gbà, níbi tí ó jẹ́ pé iyanrìn, eruku àti òkúta wẹ́wẹ́ ni ó tẹ́ sílẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí ẹ mú lọ sílé: kí ewu tó dé ni a ti ń kó ọkọ̀ ẹrù ní ìjánu. Bí ewu bá ti dé tán, ọwọ́ lè má ká a mọ́.

Ẹ jẹ́ kí a wo bí ó ti rí. Iwájú ni ẹ́ńjìnnì wà, iwájú ni dẹ́rẹ́bà jókòó sí, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ni ìwúwo wà. Ojú kan ṣoṣo ni a ti so méjèèjì pọ̀, ojú náà sì ń yí sọ́tùn-ún sósì. Lórí ọ̀dà gbígbẹ, táyà a máa di ilẹ̀ mú. Lórí òkúta wẹ́wẹ́, ó dà bí ẹni tí ó ń rìn lórí àgbàdo tí a dà sílẹ̀: ohun tí ó tẹ̀ gan-an ni ó ń yí lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Bí dẹ́rẹ́bà bá tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀ lójijì níbẹ̀, tí táyà iwájú dúró gbagidi tí kò yí mọ́, ẹrù ẹ̀yìn kò tíì gbọ́ pé a fẹ́ dúró. Yóò máa ti orí ọkọ̀ lọ, yóò sì ká a sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ẹni ká ọ̀bẹ sínú èèkù rẹ̀. Bí ó bá sì jẹ́ táyà ẹ̀yìn ni ó dúró, ẹ̀yìn ni yóò fì síta, tí yóò gbá ohun tí ó bá wà lẹ́bàá ọ̀nà: ọlọ́kadà, ọmọ iléèwé, ìyá tí ó pàtẹ iṣu.

Nítorí náà, ibi tí a ti ń di ẹrù ni iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Kí èyí tí ó wúwo jù wà nísàlẹ̀, kí a sì pín in dọ́gba sí apá ọ̀tún àti apá òsì. Ẹrù tí ó ga kọjá ààlà a máa fa ọkọ̀ ṣubú ní ibi tí ọ̀nà bá ti dagun. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi ọkọ̀ kékeré fa jẹnẹrétọ̀ tàbí irè oko lórí kẹ̀kẹ́ ẹrù, ẹ má ṣe kó ìwúwo sí ìdí rẹ̀. Bí gbogbo rẹ̀ bá wúwo tó kìlógíráàmù 1,000, ó yẹ kí nǹkan bí 100 sí 150 nínú rẹ̀ máa tẹ ibi tí a gbé so ó mọ́ ọkọ̀. Bí ìdí bá wúwo jù, ẹ̀yìn yóò máa jù bí ìrù ajá. Bí ó bá jẹ́ kọ̀ntẹ́nà ni ẹ gbé, kí ẹ ti ìdè igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀ pa dáadáa. Kọ̀ntẹ́nà tí a kàn gbé kalẹ̀ láìdè ti já lu ọ̀pọ̀ ènìyàn ní ilẹ̀ yìí, àwọn tí kò mọ̀wọ̀n mọ̀wẹ̀sẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, eré sísá. Òfin ìrìnnà ilẹ̀ wa fi kìlómítà 45 ní wákàtí kan lélẹ̀ fún tírélà ní àárín ìlú, ó sì fi 50 lélẹ̀ fún ojú ọ̀nà ìlú sí ìlú. Ọ̀nà ọlọ́dà ni a ń wí yẹn o! Níbi tí eruku bá wà, kí ó dín sí i. Bí ẹ bá fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè, ẹ ti wọ gíà kékeré kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀, kí ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ máa fa ọkọ̀ sẹ́yìn. Bí ẹ bá rí kọ́nà níwájú, ẹ dín eré kù nígbà tí ọkọ̀ ṣì dúró ṣánṣán, kí ẹ má baà máa tẹ bíréèkì nínú kọ́nà. Níbi tí ojú ọ̀nà bá ti rí gbágungbàgun bí páànù òrùlé, ẹ rọra, nítorí táyà ń fò kúrò nílẹ̀ níbẹ̀, táyà tí kò sì kan ilẹ̀ kò lè dá nǹkan dúró. Bí eruku ọkọ̀ iwájú bá bò yín lójú, ẹ fà sẹ́yìn títí ẹ ó fi ríran.

Bí ẹ̀yìn bá wá bẹ̀rẹ̀ sí í jù ńkọ́? Ẹ gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ìtẹ̀ iná, ẹ di ọwọ́ ọkọ̀ mú ṣinṣin ní títọ́, ẹ má ṣe máa yí i sọ́tùn-ún sósì láti bá a jà. Bí táyà bá ti dúró tí ó ń yọ̀, ẹ tú bíréèkì sílẹ̀ kí ó lè tún yí, nítorí táyà tí ó ń yí nìkan ni ó gbọ́ràn. Bí ẹsẹ̀ kan bá yọ́ sí etí ọ̀nà, ẹ má ṣe já a padà lójijì. Ẹ jẹ́ kí eré rọ̀ kí ẹ tó rọra mú un wọlé. Àwọn àgbà wí pé ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko.

Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ará, kì í ṣe dẹ́rẹ́bà nìkan ni mo ń bá wí. Ta ni ó ní kí ó gbé àpò tí ó ju agbára ọkọ̀ lọ? Ta ni ó ní bí kò bá dé Èkó kí ilẹ̀ tó mọ́, òun yóò gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀? Ta ni ó rí táyà tí ó ti jẹ tán, tí ó ní kí ó ṣì fi í lọ lẹ́ẹ̀kan sí i? Bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a máa ń fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n ìyá tí ó ń ta iṣu lẹ́bàá ọ̀nà kò mọ ẹni tí ó ranṣẹ́. Ìwé Ẹ̀kọ́ Ìjọ Kátólíkì, tí Póòpù Jòhánù Pọ́ọ̀lù Kejì fi lélẹ̀ ní 1992, fi ọ̀rọ̀ yìí sí abẹ́ òfin karùn-ún, òfin tí ó dá ìpànìyàn lẹ́kun. Ó kọ́ wa pé ẹni tí ó bá fi ọtí àmupara tàbí eré àsápajúdé wu ẹ̀mí ara rẹ̀ àti ti ẹlòmíràn léwu lójú ọ̀nà, ẹ̀ṣẹ̀ ńlá wà lọ́rùn rẹ̀. Nítorí náà, bí olówó ọkọ̀ bá ń wá síbi ìjẹ́wọ́-ẹ̀ṣẹ̀, kí ó rántí táyà rẹ̀ pẹ̀lú.

Àwọn kan yóò wí pé, “Fadá, àwa ti gbàdúrà, omi mímọ́ sì wà nínú ọkọ̀.” Ó dára. Ṣùgbọ́n nígbà tí èṣù rọ Olúwa wa pé kí ó bẹ́ sílẹ̀ láti orí tẹ́ḿpìlì, nítorí àwọn áńgẹ́lì yóò gbé e, Olúwa kọ̀. Ó mọ̀ pé áńgẹ́lì ń bẹ, síbẹ̀ kò bẹ́. Ẹni tí ó bá mọ̀ọ́mọ̀ gbé bíréèkì tí kò ṣiṣẹ́ jáde, tí ó wá ń ké pe Ọlọ́run, orí tẹ́ḿpìlì yẹn ni ó ti bẹ́.

Ẹ rántí Kristófà Mímọ́ pẹ̀lú, ẹni tí àwọn arìnrìn-àjò ń sá di, tí a máa ń ṣe ìrántí rẹ̀ ní ọjọ́ 25 oṣù keje. Ìtàn ìṣẹ̀ǹbáyé wí pé ó gbé ọmọ kékeré kan kọjá odò, ọmọ náà sì ń wúwo sí i bí ó ti ń lọ, nítorí Krístì ni. Ọ̀pá ọwọ́ rẹ̀ ni ó fi ń tẹlẹ̀ wò kí ó tó gbé ẹsẹ̀. Kò sáré nínú omi. Ẹ̀yin tí ẹ fi aya àti ọmọ sílẹ̀, tí ẹ ń fa ẹrù kiri nítorí owó iléèwé àti oúnjẹ àwọn ará ilé, ẹ mọ̀ pé kì í ṣe àlùbọ́sà nìkan ni ó wà lẹ́yìn yín. Ojú ń bẹ lọ́nà tí ó ń retí yín ní Ọ̀yọ́, ní Ìlọrin, ní Kàbà. Ẹni tí ó pẹ́ lọ́nà, wọn yóò bínú sí i fún ọjọ́ kan. Ẹni tí kò dé mọ́, wọn yóò sunkún rẹ̀ títí ayé.

Kí Ọlọ́run Olódùmarè dáàbò bo ìjáde àti ìwọlé yín, kí Wúńdíá Màríà Mímọ́ máa bẹ̀bẹ̀ fún yín, kí gbogbo ẹni tí ó bá gbéra lónìí sì bá ilé rẹ̀ láyọ̀. Nípa Kristi Olúwa wa. Àmín.