Ẹ̀tọ́ Àgbẹ̀ Lórí Ilẹ̀ Rẹ̀
Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ ní Igbóṣeré, Èkó



Ní àdúgbò yìí ni àwọn jàǹdùkú ti dáná sun ilé ẹjọ́ gíga ní ọjọ́ 21 oṣù kẹwàá ọdún 2020. Ó dùn wá. Ṣùgbọ́n ilé tí ó jóná ṣeé tún kọ́. Ohun tí ó kan wá jù lónìí ni ilẹ̀kùn ilé ẹjọ́ tí òfin fúnra rẹ̀ tì mọ́ àgbẹ̀ síta.

Ẹ jẹ́ kí a rántí iṣẹ́ àwọn bàbá wa. Ní ọdún 1913, ìjọba amúnisìn gba ilẹ̀ kan ní Àpápá lọ́wọ́ Olóyè Olúwa, Àmọ́dù Tìjání, ọ̀kan nínú àwọn olóyè onífìlà funfun Èkó. Nígbà tí ó béèrè owó ilẹ̀, ilé ẹjọ́ ní Èkó wí pé àṣẹ ìṣàkóso nìkan ni ó ní, owó àṣẹ náà nìkan ni ó sì tọ́ sí i. Olóyè náà kò gbà. Ó rékọjá sí Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1920, Herbert Macaulay sì bá a lọ. Ní oṣù keje ọdún 1921, àwọn adájọ́ Privy Council dá a láre. Wọ́n ní kò yẹ kí a fi òṣùwọ̀n òfin Gẹ̀ẹ́sì wọn ẹ̀tọ́ ilẹ̀ wa, àti pé kí ìjọba san owó ẹ̀tọ́ tí gbogbo ará ilẹ̀ náà ní lórí rẹ̀ ní kíkún.

Ẹ kíyè sí i: a kò wí pé kí ìjọba má gba ilẹ̀ rárá. Ọ̀nà ọkọ̀, ilé ìwé àti ilé ìwòsàn kò lè dúró lójú ọ̀run. Ṣùgbọ́n kò tọ́ kí a di ẹrù gbogbo ìlú lé ẹnì kan ṣoṣo lórí.

Òfin Ìlò Ilẹ̀ ti ọdún 1978 kò tẹ̀lé ọ̀nà yẹn. Lábẹ́ abala 29, owó ilé, owó irè oko àti owó àtúnṣe orí ilẹ̀ ni ìjọba yóò san. Ní ti ilẹ̀ fúnra rẹ̀, kò ju owó ilẹ̀ tí ẹni náà san ní ọdún tí a gbà á. Àgbẹ̀ tí kò san nǹkan kan, òfo ni tirẹ̀. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni ó sì ń díye lé kòkó àti ẹ̀gẹ́ rẹ̀. Abala 47 wá wí pé ilé ẹjọ́ kankan kò gbọdọ̀ wádìí bóyá owó náà tó. Àwọn àgbà ní, agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, òṣìkà ni. Kí ni kí a pe ẹni tí ó gba ilẹ̀, tí ó díye lé e, tí ó sì tún dá ẹjọ́ rẹ̀?

Òfin ìpìlẹ̀ ti ọdún 1999, ní abala 44, wí pé kí a tètè sanwó, kí ẹni tí a gba nǹkan rẹ̀ sì lè lọ sí ilé ẹjọ́ nítorí iye rẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin ìpìlẹ̀ kan náà dáàbò bo òfin 1978: ẹni tí yóò yí i padà ní láti rí ìdá méjì nínú mẹ́ta ilé ìgbìmọ̀ méjèèjì ní Àbújá, àti ìdá méjì nínú mẹ́ta ilé ìgbìmọ̀ àwọn ìpínlẹ̀.

Nítorí náà, ohun méjì ni a bẹ̀ yín. Ẹ ka igi oko yín, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ààlà ilẹ̀ níwájú ẹlẹ́rìí, kí katapílà tó dé. Ẹ sì lọ bá àwọn aṣòfin yín, kí ẹ béèrè pé kí a yọ ìdènà abala 47 kúrò, kí a sì máa san iye ilẹ̀ bí ó ti yẹ. Olóyè Olúwa la òkun kọjá nítorí ẹ̀tọ́ yìí. Ilé aṣòfin yín kò jìnnà tó bẹ́ẹ̀.