Barolo: Ọtí Tó Ń Gbó Nínú Àgbá Ńlá

(Ohùn: wọ́n ń rọra da ọtí sínú ife.)

Àwọ̀ rẹ̀ ló kọ́kọ́ ń ya èèyàn lẹ́nu. Barolo tó ti lo 20 ọdún nínú ìgò, pupa rẹ̀ kì í ki; etí rẹ̀ á ti máa yọ àwọ̀ ọsàn. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n á ní ó ti bàjẹ́. Kó gbé e sí imú ná: òdòdó rósì gbígbẹ, ọ̀dà títì, awọ, ewé tábà, ilẹ̀ igbó lẹ́yìn òjò.

Lórí àwọn òkè Langhe, nítòsí ìlú Alba, ní àríwá ìwọ̀-oòrùn Ítálì, ni wọ́n ti ń ṣe é. Ìlú 11 péré ni òfin gbà láyè, Nebbiolo nìkan sì ni èso àjàrà tó gbọ́dọ̀ wọ inú rẹ̀. Nebbiolo ń pẹ́ kó tó pọ́n. Oṣù October ni wọ́n sábà máa ń ká a. Àwọ̀ rẹ̀ kò pọ̀, àmọ́ ó kan, tánnìnì rẹ̀ sì le. Ẹni tó bá tètè ṣí ìgò rẹ̀, ẹnu á fún un bí ẹni tó jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ tí kò pọ́n. Bẹ́ẹ̀, kíkan àti líle yìí gan-an ló ń jẹ́ kó dàgbà.

Oṣù 38 ni òfin ní kó pé kó tó dé ọjà, 18 nínú wọn nínú àgbá onígi. Èyí tí wọ́n bá pè ní Riserva gbọ́dọ̀ pé oṣù 62. Síbẹ̀, ilé Giacomo Conterno ní Monforte d'Alba sábà máa ń fi Monfortino, Riserva tirẹ̀, sínú àgbá fún nǹkan bí ọdún 7.

Àgbá ló sì dá ìjà sílẹ̀. Botti, àgbá ńlá àtijọ́, fẹ̀, ó ti gbó, kò ní òórùn igi kankan tó máa kó ran ọtí mọ́. Ní àwọn ọdún 1980, àwọn ọ̀dọ́ olùṣe ọtí kan ń wá ọtí tó máa tètè rọ̀. Wọ́n gba barrique, àgbá kékeré oní lítà 225 ti àwọn ará Faransé. Elio Altare, ọ̀kan nínú wọn, ní La Morra fi ẹ̀rọ ìgégi gé àwọn àgbá bàbá rẹ̀ wẹ́lẹwẹ̀lẹ ní 1983. Bàbá náà kò fún un ní ogún.

Bartolo Mascarello, àgbà olùṣe Barolo tó kú ní 2005, kọ barrique jálẹ̀. Ó fọwọ́ ara rẹ̀ ya àwòrán sára bébà ìgò, ó sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé “No Barrique, No Berlusconi”: kò fẹ́ barrique, kò sì fẹ́ Berlusconi, olóṣèlú Ítálì. Maria Teresa, ọmọ rẹ̀, ṣì ń ṣe ọtí bí bàbá rẹ̀ ṣe ń ṣe é. Ìgboyà Altare kò ṣeé fojú tín-ín-rín, ṣùgbọ́n nínú ife ọtí tó ti gbó, Mascarello ló jàre: òórùn igi tuntun máa ń bo rósì mọ́lẹ̀.

Ta ló wá lè tọ́jú Barolo dé ọjọ́ ogbó? Ẹni tó bá ní ibi tó ṣókùnkùn, tó tutù ní nǹkan bí ìwọ̀n 12 sí 14 lórí ìdíwọ̀n Celsius, tí kò sì gbẹ jù. Kí ìgò dùbúlẹ̀, kí kọ́ọ̀kì má baà gbẹ kí afẹ́fẹ́ wọlé. Ooru ni ọ̀tá rẹ̀ tó burú jù.

Bí ọdún ti ń gorí ọdún, tánnìnì á máa so mọ́ra, á wúwo, á sì di gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ nísàlẹ̀ ìgò. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń gbé e nàró ní ọjọ́ kan, ó kéré tán, ṣáájú àsè. Wọ́n á rọra dà á ní iwájú iná, wọ́n á sì dáwọ́ dúró gẹ́rẹ́ tí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ bá ti dé ọrùn ìgò.