Ọgbọ́n Orí, Owó Ọwọ́ àti Ìwé Pátẹ́ǹtì

Bí a bá rìn láti Kétu dé Mile 12, a óò rí àwọn ajórinmọ́rin tí ń tún ẹ̀rọ ìlọta ṣe fún àwọn oníṣòwò. Nígbà mìíràn, ẹ̀rọ kò ní bá iṣẹ́ oníbàárà mu. Ajórinmọ́rin a ronú, a gé níhìn-ín, a jó mọ́ ọn lọ́hùn-ún, ẹ̀rọ náà a sì dára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Kí oṣù tó parí, aládùúgbò rẹ̀ a ti wò ó ṣe, a sì máa tà á. Ìbéèrè tí mo fẹ́ kí a yẹ̀ wò lónìí nìyí: nígbà tí ọgbọ́n kò wọ́n wa, kí ló dé tí pátẹ́ǹtì fi wọ́n wa?

Pátẹ́ǹtì ni ìwé-àṣẹ tí ìjọba ń fún ẹni tí ó hùmọ̀ ohun tuntun, kí ẹlòmíràn má baà ṣe é tà láìgba àyè lọ́wọ́ rẹ̀. Lábẹ́ òfin ilẹ̀ wa ti 1970, ọdún 20 ni ààbò náà, bí ó bá ń san owó ọdọọdún. Òun náà gbọ́dọ̀ kọ bí ohun náà ti ń ṣiṣẹ́ sílẹ̀ kedere, kí ayé lè kà á. Pàṣípààrọ̀ ni: ẹ tú àṣírí, kí òfin bá yín ṣọ́ ọ.

Níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti kọ́kọ́ kan ìwà ènìyàn. Àwọn baba wa mọ bí a ti ń ṣọ́ ọgbọ́n, ṣùgbọ́n nípa fífi í pamọ́ ni. A kò lè bá wọn wí. Ẹni tí kò ní òfin lẹ́yìn, ẹnu rẹ̀ ni yóò tì. Àléébù ibẹ̀ ni pé bí onímọ̀ bá kú lójijì, ìmọ̀ rẹ̀ a bá a wọlẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wo àpẹẹrẹ kan. Àlùfáà P. O. Ògúnyalé, oníṣègùn ìbílẹ̀, ní oògùn kan tí ìdílé rẹ̀ fi ń tọ́jú àrùn fòníkú-fọ̀ladìde. Ohun tí ó wà nínú rẹ̀ kò ṣàjèjì: iyèré, kànáfùrù, osùn àti ewé ọkà bàbà. Ó bá NIPRD, iléeṣẹ́ ìwádìí oògùn ti ìjọba àpapọ̀ ní Àbújá, ṣe àdéhùn, ó sì fi àṣírí náà hàn wọ́n. Ọ̀jọ̀gbọ́n Charles Wambebe àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ìwádìí lé e, wọ́n pè é ní Niprisan, wọ́n sì gba pátẹ́ǹtì rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1998. Bí kò bá sí ìfọkàntán láàárín oníṣègùn àti àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì, ìwé náà kì bá tí jáde.

Ṣùgbọ́n owó ni kẹ̀kẹ́ ìhìnrere. Ìwé pátẹ́ǹtì kì í po oògùn. Ní 2002, iléeṣẹ́ Amẹ́ríkà kan, Xechem, gba àṣẹ láti máa ṣe é. NAFDAC fọwọ́ sí i ní 2006 pẹ̀lú orúkọ Nicosan. Nígbà tí ó di 2008, Xechem wọ gbèsè, iṣẹ́ sì dúró. A fojú bù ú pé nǹkan bí ọmọ 150,000 ni ń bá àrùn yìí wáyé ní Nàìjíríà lọ́dọọdún. Ẹ wo ohun tí àìlówó iléeṣẹ́ kan ṣoṣo dá dúró.

Kì í ṣe ọpọlọ nìkan, nígbà náà, ni ń mú pátẹ́ǹtì pọ̀ ní ilẹ̀ kan. Owó ìwádìí ń bẹ níbẹ̀. Ṣáínà, tí òfin pátẹ́ǹtì rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1985, náwó gidi sí yunifásítì àti iléeṣẹ́. Láti 2011 ni ìwé tí wọ́n ń kọ wá bèèrè pátẹ́ǹtì níbẹ̀ ti pọ̀ ju ti orílẹ̀-èdè yòókù lọ. Agbára ìwé náà tún ń bẹ. Òfin wa kò ní kí a wádìí bóyá ohun náà jẹ́ tuntun ní tòótọ́ kí a tó fún oníǹkan ní pátẹ́ǹtì. Nítorí náà olówó a máa lọ́ra láti náwó lé e. Bẹ́ẹ̀ ni pátẹ́ǹtì wa kò kọjá ààlà wa. Ará Benin tàbí Tógò tí ó kọ ìwé kan ṣoṣo sí àjọ OAPI ní Yaoundé ń wá ààbò ní orílẹ̀-èdè 17 lẹ́ẹ̀kan náà. A kò sí nínú àjọ náà.

Ẹnìkan lè wí pé bí kò bá sí pátẹ́ǹtì, ajórinmọ́rin mẹ́wàá ni yóò ṣe ẹ̀rọ náà, owó rẹ̀ yóò sì rọjú. Òótọ́ ń bẹ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí a bá kó ọgbọ́n rẹ̀ lọ lẹ́ẹ̀mejì kì í fi ẹ̀kẹta hàn wá mọ́, àdánù gbogbo wa sì ni.

Ẹ̀yin olùkọ́, ọwọ́ yín ni apá kan iṣẹ́ yìí wà. Ẹ kọ́ ọmọ láti kọ ohun tí ó bá hùmọ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ rẹ̀, láti bèèrè fún àdéhùn kí ó tó fi han oníṣòwò, kí ó má sì pàtẹ rẹ̀ kí ó tó kọ̀wé sí ìjọba. Nígbàkúùgbà tí mo bá gbọ́ orúkọ Kòsọ́fẹ́, etí mi a máa gbọ́ ọ bíi “kò sí ọ̀fẹ́.” Ọgbọ́n ajórinmọ́rin Kétu náà kì í ṣe ọ̀fẹ́.