Iná Iwájú Alùpùpù àti Iṣẹ́ Rìléè

Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ lónìí dà bí ọ̀rọ̀ àwọn réwáyà àti mẹkáníìkì, ṣùgbọ́n inú ẹ̀kọ́ físíìsì tí a ń kọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ girama ni ìpìlẹ̀ rẹ̀ wà.

Ẹ jẹ́ kí a mú olùkọ́ kan gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ. Inú ìlú ló ń gbé, abúlé tó jìnnà díẹ̀ ló sì ti ń ṣiṣẹ́. Ìpàdé àwọn òbí dá a dúró títí ilẹ̀ fi ṣú. Alùpùpù rẹ̀ kì í ṣe kékeré; ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Japan láàárín ọdún 1980 sí 1989 ni. Bátìrì rẹ̀ jẹ́ fólìtì 12, gílóòbù iná iwájú rẹ̀ sì jẹ́ irú èyí tí wọ́n ń pè ní H4, tó ń lo wáàtì 60 fún fúlù àti wáàtì 55 fún dímù. Ó tan iná, àmọ́ iná náà pọ́n bí iná àtùpà elépo. Bí ó bá ń sáré kìlómítà 60 láàárín wákàtí kan, ìṣẹ́jú àáyá kan péré ló fi ń rin ohun tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mítà 17. Kí ojú tó rí kòtò, kí ọwọ́ tó fún bíréèkì, ó ti wà nínú kòtò.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń kọ́kọ́ ṣe ni pé wọ́n á ra gílóòbù tuntun. Bí tuntun náà kò bá mọ́lẹ̀ tó, wọ́n á wá èyí tó jẹ́ wáàtì 100. Àṣìṣe gan-an nìyẹn. Gílóòbù ńlá a máa fa iná púpọ̀ gba inú wáyà tínínrín, swíìsì á gbóná, ike rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́, òórùn ike tó ń jó á sì gba imú ẹni tó ń gun alùpùpù. Gílóòbù kò jẹ̀bi. Ọ̀nà tí iná ń gbà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló yẹ kí a yẹ̀ wò.

Nínú ọ̀pọ̀ alùpùpù àtijọ́, ọ̀nà náà kò ṣe tààrà. Láti orí bátìrì, iná mọ̀nàmọ́ná a gba fíúsì kọjá, a dé swíìsì kọ́kọ́rọ́, a gba wáyà tínínrín lọ sí swíìsì tó wà ní ọwọ́ alùpùpù, a tún padà la ìsopọ̀ wáyà méjì mẹ́ta kọjá kí ó tó wọ inú àwo iná iwájú. Láyé ìgbà kan, oníṣòwò tó bá ru ẹrù kọjá ní ibodè a máa san owó fún oníbodè. Bí ibodè bá pọ̀ lọ́nà, ohun tó máa bá a dé ọjà á dín kù. Bí ẹrù bá sì ṣe pọ̀ tó ni owó bodè ṣe máa ń pọ̀ tó. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ti iná rí. Swíìsì tí irin inú rẹ̀ ti dípẹtà, ìsopọ̀ wáyà tó ti dúdú, oníbodè ni gbogbo wọn, fólìtì ni wọ́n sì ń gbà. Òfin tí Georg Ohm, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, gbé jáde nínú ìwé rẹ̀ ní ọdún 1827 ló bá a mu: bí a bá sọ iye ìṣàn iná di ìlọ́po iye ìdènà tó wà lọ́nà, a ó mọ iye fólìtì tó máa pòórá.

Ká ní ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, fólìtì 13.8 wà lórí bátìrì, ṣùgbọ́n fólìtì 12 péré ló dé ìdí gílóòbù. Fólìtì 1.8 ti bọ́ sọ́wọ́ oníbodè. Àwọn kan á béèrè pé kí ni ìyẹn já mọ́. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Ìmọ́lẹ̀ irú gílóòbù bẹ́ẹ̀, tí okùn irin inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ gbóná yòò kí ó tó tàn, máa ń yára dín kù ju fólìtì lọ. Nínú àpẹẹrẹ yìí, fólìtì fi ìdá 13 nínú ọgọ́rùn-ún dín, ìmọ́lẹ̀ sì fi nǹkan bí ìdá 38 nínú ọgọ́rùn-ún dín. Bí áńpíà 5 bá ń ṣàn, wáàtì 9 ló ń di ooru lásán nínú wáyà àti swíìsì.

Kí ẹnikẹ́ni tó ra rìléè, kí ó kọ́kọ́ wọn ọ̀nà náà. Mítà lásán ti tó. A ó tan iná iwájú, a ó fi ẹnu mítà kan kan orí pọ́sítíìfù bátìrì, a ó sì fi ìkejì kan ẹsẹ̀ gílóòbù tí iná ń gbà wọlé. Ohun tí mítà bá kà ni owó bodè. Bí kò bá tó ìdajì fólìtì, kò sí ìdí láti da ara ẹni láàmú; kí a wọn apá nẹ́gẹ́tíìfù náà, nítorí ẹ́ẹ̀tì tó ti dípẹtà náà lè fa ẹ̀sùn tí àwọn ènìyàn ń fi kan wáyà.

Kí wá ni rìléè? Orúkọ náà ti wà kí iná mọ̀nàmọ́ná tó dé. Ní ilẹ̀ Yúróòpù, bí ẹṣin ìránṣẹ́ bá ti rẹ̀ lójú ọ̀nà, wọn a pààrọ̀ rẹ̀ sí èyí tí ara rẹ̀ ṣì le kí iṣẹ́ náà lè tẹ̀ síwájú. Nígbà tí tẹligíráàfù dé, tí iná inú wáyà ń rẹ̀ bí ọ̀nà ti ń jìn, ohun èlò tó ń fi agbára tuntun kún un ló jogún orúkọ yìí. Nínú rẹ̀, wáyà wẹ́wẹ́ wà tí a wé mọ́ irin. Bí iná díẹ̀ bá gba inú wáyà náà, irin á di òòfà, á fa irin pẹlẹbẹ kan mọ́ra, ìyẹn á sì ṣí ọ̀nà sílẹ̀ fún iná ńlá. Bí iná díẹ̀ náà bá dá, sípíríǹgì á dá irin pẹlẹbẹ padà sí àyè rẹ̀.

Iná tó ń jí rìléè fólìtì 12 dìde kò tó ìdá kan nínú márùn-ún áńpíà. Ìránṣẹ́ lásán ló ń gba ibodè kọjá báyìí; ẹrù gba ọ̀nà mìíràn lọ.

Rìléè méjì ni a nílò, ọ̀kan fún fúlù, ọ̀kan fún dímù. Nọ́ńbà wà lára ẹsẹ̀ wọn. Láti orí pọ́sítíìfù bátìrì, a ó fa wáyà tó nípọn, bí èyí tó jẹ́ mílímítà 2.5 níbùú lọ́nà méjì, gba inú fíúsì áńpíà 15, lọ sí ẹsẹ̀ 30 ti rìléè méjèèjì. Láti ẹsẹ̀ 87 ti ìkínní, wáyà á lọ sí fúlù gílóòbù. Láti ẹsẹ̀ 87 ti ìkejì, á lọ sí dímù. Wáyà fúlù àtijọ́, tó ń lọ sí gílóòbù tẹ́lẹ̀, á wá wọ ẹsẹ̀ 86 ti rìléè fúlù, ti dímù á sì wọ ẹsẹ̀ 86 ti ìkejì. Ẹsẹ̀ 85 méjèèjì á lọ sí ẹ́ẹ̀tì. Gílóòbù fúnra rẹ̀ yẹ kí ó ní wáyà ẹ́ẹ̀tì tó nípọn tó padà sí orí nẹ́gẹ́tíìfù bátìrì, nítorí iye iná tó wọlé náà ló gbọ́dọ̀ jáde.

Fíúsì yẹn gbọ́dọ̀ wà nítòsí bátìrì, kì í ṣe nítòsí iná. Wáyà ló ń ṣọ́, kì í ṣe gílóòbù. Wáyà tí kò ní fíúsì, tó gba abẹ́ táńkì epo, tí ara rẹ̀ bó, tó sì kan irin, á gbiná. Àwọn rìléè kan ní ẹsẹ̀ karùn-ún, 87a. Iná máa ń wà níbẹ̀ nígbà tí rìléè bá sùn, nítorí náà kí a fi í sílẹ̀, kí a sì bò ó. Ní ọrùn alùpùpù, kí wáyà dẹ̀ díẹ̀ kí ó má baà já nígbà tí a bá ń yí ọwọ́.

Àwọn tó ń gun ọ̀kadà kékeré ní láti gbọ́ èyí dáadáa. Nínú púpọ̀ nínú wọn, iná iwájú kì í ti ọ̀dọ̀ bátìrì wá rárá. Inú kọ́ílì ẹ́ńjìnnì ló ti ń wá tààrà. Àmì rẹ̀ ni pé bí a bá ṣí kọ́kọ́rọ́ láìta ẹ́ńjìnnì, kò ní tàn, bí a bá sì fún un ní epo, ìmọ́lẹ̀ á pọ̀ sí i. Iná tó ń lọ tó ń bọ̀ ni irú iná bẹ́ẹ̀, á kàn máa mú rìléè gbọ̀n ni. Bí réwáyà bá sì gbé iná náà sórí bátìrì láìtún ọ̀nà tí bátìrì ń gbà gba agbára ṣe, bátìrì á kú kí ilẹ̀ tó mọ́. Ti ẹni tó ń lo gílóòbù LED náà yàtọ̀, nítorí kì í fa iná púpọ̀, owó bodè rẹ̀ kò sì tó nǹkan.

Nígbà tí a bá parí iṣẹ́, kí a tún fi mítà wọn ọ̀nà náà, kí a sì gbé alùpùpù síwájú ògiri ní alẹ́, kí ẹni tó ń gùn ún jókòó lé e. Orí ìmọ́lẹ̀ dímù lára ògiri gbọ́dọ̀ rẹlẹ̀ díẹ̀ ju ibi tí àwo iná wà lọ, nítorí iná tó ti mọ́lẹ̀ sí i tó sì ga jù á fọ́ ojú ẹni tó ń bọ̀ níwájú.