Kí Ẹ Tó Tún Dátà Rà: Ọ̀rọ̀ Lórí Wi-Fi Láptọ́ọ̀pù Wa

Ọ̀rọ̀ tí olùdarí ẹ̀ka àwọn ọ̀dọ́ bá wa sọ níbi ìpàdé oṣù, ní Ire-Akárí, Ìsọlọ̀

   Alága ní kí n má pẹ́ jù, mi ò ní pẹ́.

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá kéré lójú. Nǹkan náà gan-an ò fi bẹ́ẹ̀ ju èékánná àtàǹpàkò lọ. Adapter Wi-Fi ni, èyí tí à ń kì bọ ihò USB lára láptọ́ọ̀pù kí ó lè rí íntánẹ́ẹ̀tì gbà. Ó kéré lóòótọ́, àmọ́ ó ti ná ilé wa lówó, ó sì ti jẹ́ kí n parọ́ fún ìyá mi láìmọ̀.

Nígbà tí mo wà ní 200 level, mo ra láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ kan. Kò pẹ́ tí Wi-Fi inú rẹ̀ fi kú. Ẹni tó bá mi wò ó ní kí n lọ ra adapter. Mo rà á ní ₦6,000. Wọ́n kọ "5G" gàdàgbà sára páálí rẹ̀, inú mi dùn. Àfi bí mo ṣe délé tí wàhálà bẹ̀rẹ̀. Lónìí á ṣiṣẹ́, lọ́la á ní òun ò rí nǹkan kan. Á gbà fún ìṣẹ́jú márùn-ún, á tún já. Mo bá ń sọ fún ìyá mi pé, "Mọ́mì, network àdúgbò yìí ò dáa rárá." Ìyá mi, tó ń ta èlò ọbẹ̀, á tú etí ìró rẹ̀, á fún mi ní ₦2,000 kí n fi ra dátà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ṣe bẹ́ẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Mo tiẹ̀ lọ ra SIM mìíràn.

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an, fọ́ọ̀mù ìrànlọ́wọ́ owó ilé-ìwé kan wà tó máa parí ní aago méjìlá òru Friday. Mo ti kọ gbogbo rẹ̀ sínú láptọ́ọ̀pù, ó ku kí n fi ránṣẹ́. Láti aago mẹ́sàn-án alẹ́ ni mo ti ń yọ adapter, tí mo tún ń kì í bọ̀ ọ́. Mo gbé láptọ́ọ̀pù lọ sí ojú fèrèsé, mo gbé e jáde sí ìta. Aago méjìlá lù, fọ́ọ̀mù ò lọ. Mo wọlé padà, mo bá àbúrò mi tó ń fi fóònù mi wo fídíò. Dátà kan náà tí mò ń fún láptọ́ọ̀pù ló fi ń wò ó, fídíò náà ò sì dúró rárá. Ibẹ̀ ló ti yé mi pé network ò ṣe nǹkan kan. Àwọn àgbà ní a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá. Làpálàpá ni mò ń fi owó ìyá mi pa.

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀nà ilé wa ṣàlàyé rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ń ti Òṣòdì bọ̀ níbí, ẹ lè wọ danfo, kí ẹ wá bọ́ sínú kẹ̀kẹ́ tó máa gbé yín dé ẹnu ilé. Láti orí òpó network sí inú fóònù yín, danfo nìyẹn. Láti inú fóònù sí láptọ́ọ̀pù, kẹ̀kẹ́ nìyẹn, adapter ló sì ń wa kẹ̀kẹ́ náà. Bí kẹ̀kẹ́ bá kú sójú ọ̀nà, ṣé ẹ máa padà lọ san owó danfo lẹ́ẹ̀kejì ni? Ohun tí à ń ṣe nìyẹn nígbà tí adapter ò ṣiṣẹ́ tí a tún ń ra dátà.

Mi ò sọ pé network kì í bàjẹ́ o. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2024, àwọn okùn íntánẹ́ẹ̀tì tó gba abẹ́ òkun wá bàjẹ́ ní ìtòsí Abidjan. MainOne, WACS, ACE àti SAT-3 ló kàn. Báńkì pàápàá dákẹ́. Lọ́jọ́ yẹn, fóònù àti láptọ́ọ̀pù ni wọ́n jọ jìyà. Ibi tí ẹ ti máa mọ ìyàtọ̀ nìyẹn. Ẹ kọ́kọ́ ṣí nǹkan kan lórí fóònù tó ń pín dátà fún láptọ́ọ̀pù. Tí kò bá ṣí, ẹ lè bínú sí network. Tó bá ṣí wàrà, ọ̀dọ̀ adapter tàbí láptọ́ọ̀pù ni kẹ́ ẹ wò.

Ohun tí mo wá rí lára tèmi rèé.

Èkíní, "5G" tí wọ́n kọ sára páálí. 5G tí MTN bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà lọ́dún 2022, láàárín òpó àti fóònù ló wà. Ti Wi-Fi, 5 GHz ni wọ́n ń pè é, ojú ọ̀nà kan ni nínú yàrá yín. Orúkọ ló jọra, wọn kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà. Ojú ọ̀nà kejì ni 2.4 GHz. 5 GHz yára, àmọ́ ògiri máa ń dí i lọ́wọ́. 2.4 GHz máa ń jìnnà jù ú lọ, àmọ́ èrò pọ̀ lójú ọ̀nà rẹ̀, pàápàá ní àdúgbò bíi tiwa tí ilé fara ti ilé. Adapter mi, pẹ̀lú gbogbo ariwo ara páálí, 2.4 nìkan ló gbọ́. Ọjọ́ tí hotspot fóònù mi bá bọ́ sí 5, kò lè rí i láéláé. Tí tiyín bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ lọ sí ibi ètò hotspot, kí ẹ yí i sí 2.4 GHz. Lórí iPhone, "Maximize Compatibility" ni kẹ́ ẹ tàn.

Ìkejì, láptọ́ọ̀pù ló ń pa á kí iná bátìrì má baà tètè tán. Lórí Windows, ẹ ṣí Device Manager, ẹ wá orúkọ adapter náà lábẹ́ Network adapters. Tí ẹ bá rí Power Management níbẹ̀, ẹ yọ àmì tó fún láptọ́ọ̀pù láyè láti máa pa á. Jíjá rẹ̀ ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún dópin lára tèmi.

Ìkẹta ni driver. Driver ni ògbufọ̀ láàárín láptọ́ọ̀pù àti adapter. Tí kò bá sí, wọn ò lè gbọ́ ara wọn. Ìyọnu ibẹ̀ ni pé inú CD kékeré ni wọ́n sábà máa ń fi sí, ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù ìsinsìnyí ò sì ní ibi tí a ń ki CD sí. Wọ́n á ní kẹ́ ẹ lọ wá a lórí íntánẹ́ẹ̀tì, íntánẹ́ẹ̀tì tẹ́ ẹ sì ń wá gan-an nìyẹn!

Ọ̀nà àbáyọ rèé, ohun tó dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ yìí náà sì ni. Ẹ mú okùn tẹ́ ẹ fi ń ṣáàjì fóònù, ẹ fi so fóònù mọ́ láptọ́ọ̀pù, kí ẹ tan USB tethering lórí fóònù. Dátà á gba inú okùn kọjá, láìsí adapter rárá. Ẹ lè fi wá driver lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ tó ṣe adapter yín tàbí nípasẹ̀ Windows Update. Ẹ má gbà á níbi tí wọ́n bá ti ń bèèrè owó. Lálẹ́ Friday yẹn, okùn ṣáàjì mi wà lára ògiri, kò ju ìwọ̀n ẹsẹ̀ méjì sí mi lọ. Mi ò mọ̀ ni. Ìṣẹ́jú méjì ni fọ́ọ̀mù yẹn ì bá fi lọ.

Ìdí nìyí tí mo fi dìde. Ẹ̀ka àwọn ọ̀dọ́ ò bèèrè owó ńlá. Ẹ fún wa ní gbọ̀ngàn yìí fún wákàtí méjì ní ọ̀sán Saturday. Ẹ bá wa ra adapter méjì tó dáa àti okùn mẹ́ta, kí wọ́n wà nínú dúrọ́ọ̀ akọ̀wé. Ọmọ wa tó bá ní fọ́ọ̀mù tàbí iṣẹ́ ilé-ìwé tó fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kó gbé láptọ́ọ̀pù wá kó tó ná owó ìyá rẹ̀. Èmi àti àwọn méjì mìíràn ti ṣetán láti máa jókòó níbẹ̀. Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa lókè òkun, tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi adapter ránṣẹ́, ẹ rí i pé ó gbọ́ 2.4 àti 5 GHz.

Mo ti sọ òtítọ́ fún ìyá mi. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ó kúkú yé ọ báyìí, kọ́ àwọn tó kù." Ohun tí mo wá ṣe lónìí nìyẹn. Orúkọ àdúgbò wa ni Ire-Akárí. Kí ìmọ̀ kékeré yìí náà kárí wa o.