Bí Ọkàn Ti Ń Ya Ìró Sọ́tọ̀ Kúrò Lára Ìró



Bí àwọn onídùndún bá péjọ, tí gúdúgúdú ń dún kíkankíkan, tí kẹríkẹrì àti gángan ń gbè é, tí ṣaworo ń ró, tí èrò sì ń hó, síbẹ̀ àgbà a máa gbọ́ ohun tí ìyáàlù wí, a sì mọ̀ pé oríkì baba òun ni. Báwo ni ó ti ṣe é? Àwọn ìró wọ̀nyí kì í wọ etí ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nínú afẹ́fẹ́ ni wọ́n ti dàpọ̀ bí odò púpọ̀ tí ó ṣàn di ọ̀kan, awọ tínrín kan ṣoṣo ni wọ́n sì jùmọ̀ ń mì nínú etí. Ọkàn ni ó ń tún wọn yà.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Albert Bregman, ti Yunifásítì McGill ní ilẹ̀ Kánádà, kọ ìwé ńlá lórí ọ̀ràn yìí ní ọdún 1990. Ó fi hàn pé ọkàn ní òfin tí ó ń tẹ̀lé. Àwọn ìró tí ó bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, tí wọ́n sì dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, ọkàn a kà wọ́n sí ti ẹnì kan. Àwọn tí ohùn wọn súnmọ́ ara wọn, a so wọ́n pọ̀. Ní ọdún 1971, òun àti Campbell mú ìró òkè mẹ́ta àti ìró ìsàlẹ̀ mẹ́ta, wọ́n ń dún wọn tẹ̀lé ara wọn kíákíá. Àwọn olùgbọ́ gbọ́ orin méjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ó sì ṣòro fún wọn láti sọ bí ìró òkè àti ti ìsàlẹ̀ ti tẹ̀lé ara wọn.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ìlù wa. Ohùn ìyáàlù ń yọ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Gúdúgúdú kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Nítorí náà ni ọkàn fi ń rí ààlà láàrín wọn.

Ṣùgbọ́n yíyà nìkan kò tó. Àlejò tí kò gbọ́ Yorùbá lè ya ìyáàlù sọ́tọ̀, síbẹ̀ ìlù lásán ni yóò jẹ́ létí rẹ̀. Ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ èdè wa ni ìlù ń sọ. Ẹni tí ó ti mọ oríkì náà tẹ́lẹ̀ ni ó ń gbọ́ ọ̀rọ̀. Ìmọ̀ ni ó ń parí iṣẹ́ tí etí bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀yin baba, ibí yìí ni ẹ̀rù ti ń bà mí. Ọ̀pọ̀ ọmọ wa ń jó sí ìlù tí ó ń pe orúkọ baba ńlá wọn, wọn kò sì mọ̀. Etí wọn kò di. A kò kọ́ wọn ni. Ẹ jẹ́ kí olúkúlùkù wa kọ́ ọmọ rẹ̀ ní oríkì ilé, kí a sì máa bẹ onílù kí ó fi ẹnu túmọ̀ ohun tí ó lù. Bí onílù bá ń sọ̀rọ̀ tí kò sí ẹni tí ó gbọ́ mọ́, kí ni yóò ṣẹ́kù bí kò ṣe ariwo?